Ẹ Jẹ́ Kí Koríko Pápá Wa Yè Lẹ́yìn Ayẹyẹ

Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀run àti Èmùré, sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí pápá wà ní ìkáwọ́ yín, àti sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń yáni ní kánópì

Ọ̀rọ̀ pápá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní ìhà gúúsù Èkìtì tiwa yìí, bí àgbà kan bá papò dà, bí ọmọ bá ń ṣe ìgbéyàwó, bí ìjọ bá fẹ́ ṣe ìsọjí ìta gbangba, tàbí bí òṣèlú bá fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, pápá ilé ẹ̀kọ́ tàbí iwájú gbọ̀ngàn ìlú la sábà máa ń na kánópì sí. Kò yani lẹ́nu, torí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì fẹ̀ kò pọ̀ láàárín ìlú tí òkè àti àpáta yí ká. Àmọ́ níbi tí kánópì bá ti ń dúró léraléra, koríko ń kú, ilẹ̀ ń le gbagidi, eruku ló ń gba ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ ló ń gbà á nígbà òjò. N kò ní kí ẹ fòfin de ayẹyẹ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé iye ọjọ́ tí nǹkan fi wà lórí koríko, àti iye ìsinmi tí koríko rí lẹ́yìn rẹ̀, ló ń pinnu bóyá á yè tàbí á kú. Ohun méjèèjì sì wà ní ìkáwọ́ yín. Ìwé àdéhùn kan ṣoṣo tó láti fi ṣètò wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń pa koríko gan-an, torí kánópì nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Oòrùn ni koríko ń fi ewé rẹ̀ gbà tó fi ń pèsè oúnjẹ fún ara rẹ̀. Kánópì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó dúró lórí òpó irin fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe é ní nǹkan púpọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó ń ṣekú pa á ni ohun tí a tẹ́ sábẹ́ kánópì: tapólì, kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, àti pákó tí wọ́n tò mọ́lẹ̀ fún àwọn olórin. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bo ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, koríko abẹ́ rẹ̀ á ti máa pọ́n, á sì máa rọ. Oòrùn á mú kí abẹ́ rẹ̀ gbóná ju ìta lọ, omi àti atẹ́gùn kò sì ní ráyè wọlé. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ń kọ́ àgbẹ̀ láti fi pa èpò láì ra oògùn ni pé kó fi ọ̀rá bo ilẹ̀ lójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe fún èpò, òun náà là ń ṣe fún koríko pápá láìmọ̀.

Koríko pápá wa pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Koóko ìgbá, èyí tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ràn oòrùn gan-an, kò sì lè fara da òjìji tó bá pẹ́. Èyí tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí wọ́n ń pè ní carpet grass, tí a sábà máa ń rí níwájú ilé àti ọ́fíìsì, lè fara da òjìji díẹ̀, àmọ́ ọ̀dá ni ọ̀tá tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń rá lórí ilẹ̀ tí wọ́n sì ń ta gbòǹgbò láti oríkèé dé oríkèé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè padà wá bo ojú ilẹ̀ tó bọ́, bí a bá fún wọn láyè. Bí a kò bá fún wọn láyè, gbégi ló máa ń gba ibẹ̀, torí òun lè hù níbi tí ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ìdì kọ̀ọ̀kan ni gbégi máa ń dúró, ilẹ̀ lásán ló sì ń wà láàárín ìdì kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ pápá tí wọ́n ti lò kọjá agbára rẹ̀, kó wo ibi tí gbégi ti gba ipò koóko, yóò rí òpin ibi tí wọ́n ń na kánópì sí kedere.

Ẹsẹ̀ àti táyà ni ọ̀tá kejì. Ilẹ̀ tó dára ní ihò tíntìntín nínú, ibẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ọkọ̀ gorí rẹ̀, ihò wọ̀nyẹn á dí. Bó bá wá gbẹ, á le débi pé ọkọ́ kò ní tètè wọ̀ ọ́, áńbọ̀sì gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí ìgbà òjò fi léwu jù fún pápá. Ẹ wo ìdìbò gómìnà Èkìtì nìkan: ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, ọjọ́ 14 oṣù Keje 2018, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2022. Inú òjò ni gbogbo wọn bọ́ sí, ìgbà tí ilẹ̀ bá rin gbingbin sì ni ìpolongo tó ṣáájú wọn máa ń gbóná. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó bá pọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí omi tí koríko máa fi hù padà. Ibi tó bá bọ́ ní oṣù Kejìlá á wà ní bíbọ́ títí òjò á fi dé. Ìgbà méjèèjì ló ní ewu tirẹ̀, ìlànà tí a bá fẹ́ ṣe sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ohun kẹta ni ohun tí àwọn alásè àti àwọn oníṣẹ́ ń fi sílẹ̀. Níbi tí àdògán bá ti jókòó, tí wọ́n sì dáná igi sí abẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmì dúdú roboto á wà níbẹ̀, gbòǹgbò tó wà lábẹ́ á sì ti jóná. Omi gbígbóná tí wọ́n sẹ́ kúrò lára ìrẹsì, òróró tí wọ́n fi dín ẹran, àti ọ́ìlì tó ń jò lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń pa koríko níbi tó bá dà sí. Ti ọ́ìlì ló sì máa ń pẹ́ jù kí ilẹ̀ tó gbàgbé. Èèkàn irin tí wọ́n fi de okùn kánópì náà ń kọ́? Bí wọ́n bá gbàgbé ẹyọ kan péré sínú ilẹ̀, ó di ohun tó lè gún ọmọ tó ń sáré láìwọ bàtà ní ẹsẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ abẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Kò sí èyí tí a ò lè yẹra fún nínú gbogbo ìwọ̀nyí láì dín ìdùnnú ayẹyẹ kù.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló wá kàn wá pẹ̀lú koríko, nígbà tí ọ̀nà kò dára tí iná kò sì dúró. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ìlú tiwa yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ àpáta Olósùnta àti Orólé. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kò ríbi wọ̀, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ sí àárín ilé. Níbi tí koríko bá bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ á dín agbára òjò kù, gbòǹgbò rẹ̀ á di erùpẹ̀ mú, omi á sì ráyè wọlé díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá bọ́ tó sì le, omi á kàn sáré kọjá ni, á gbẹ́ ojú ilẹ̀, á kó yanrìn sínú gọ́tà. Àwọn àgbà ti sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Pápá oníkoríko wà lára ohun tí onílé fi ń sọ pé òun kò gbà. Yàtọ̀ sí èyí, pápá yẹn náà ni ibi ìdárayá ọmọ wa. Pápá ìṣeré ìjọba tó wà ní Adó-Èkìtì ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje relay oní 4 × 100 mítà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992. Bí a bá ń fi orúkọ eléré ìje dárà sí ara pápá ńlá ní olú ìlú, kò yẹ ká jẹ́ kí pápá kékeré tí irú wọn ti ń kọ́kọ́ sáré di ilẹ̀ eléruku.

Ẹ̀kọ́ wà nítòsí wa pàápàá. Ní agbègbè Ìsẹ̀/Ọ̀run àti Èmùré ni àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ NYSC, ètò àwọn àgùnbánirọ̀, ti Èkìtì wà. Láti ọdún 1973 tí ìjọba Gowon ti dá ètò náà sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ọ̀dọ́ jọ sí irú àgọ́ báyìí kí wọ́n tó pín wọn káàkiri, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sì ni àwọn àgùnbánirọ̀ ń lò níbẹ̀ lásìkò yìí. Nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀, ibùsùn ní ibi tirẹ̀, pápá tí wọ́n ti ń yan bí ológun ní ibi tirẹ̀, ọjà tí gbogbo ayé ń pè ní mámì máàkẹ́ẹ̀tì náà ní ibi tirẹ̀. Alátà àti alásè kì í gbé ìsọ̀ wọn sí àárín pápá tí wọ́n ti ń yan. Irú ìpín àyè yìí gan-an ni kò sí lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa: ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹni tó ń jó àti ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, orí koríko kan náà ni gbogbo wọn pàdé. Bí a bá pín àyè fún oníkálùkù, apá kékeré ni ìyà máa jẹ, ìyókù á yè.

Bí a bá wo òkèèrè, àwọn tó ń pàgọ́ lọ́pọ̀ ju tiwa lọ ti rí i pé ìsinmi ni oògùn ilẹ̀. Àjọ̀dún orin Glastonbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wáyé lórí oko tí wọ́n ti ń sin màlúù, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló sì ń pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n máa ń fi ọdún kan sílẹ̀ láìṣe é kí ilẹ̀ lè sinmi. Wọ́n sinmi ní 2006, 2012 àti 2018, wọ́n sì ya 2026 náà sọ́tọ̀ fún ìsinmi. Owó tó ń wọlé níbẹ̀ kò mọ ní kékeré, síbẹ̀ wọ́n fara mọ́ pípàdánù rẹ̀ kí pápá má bàa kú. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń pàgọ́ ní Bìrìtìkó, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ́ ọ̀rá sórí koríko. Ẹní tí atẹ́gùn àti omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń béèrè fún, wọ́n sì ń sọ fún àlejò pé kó máa ká a nílẹ̀ lóòrèkóòrè. Àwọn ará wa tó ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ àti ayẹyẹ ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbẹ̀ ń gba owó ìdógò kí wọ́n tó yá èèyàn ní pápá. Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, inú owó yẹn ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ẹ má sọ pé àṣà òyìnbó ni o. Kí òyìnbó tó dé ni àgbẹ̀ Èkìtì ti mọ̀ pé oko tí a bá gbìn léraléra gbọ́dọ̀ rí ọdún tí a ó fi í sílẹ̀ kó di ìgbòrò. Ohun tí a mọ̀ fún iṣu, a kò tíì fi lo koríko ni.

Mo mọ àwọn àtakò tó máa tẹ̀lé èyí. Àkọ́kọ́ ni pé koríko ni, yóò hù padà. Òótọ́ ni pé á hù padà bí ó bá rí ìsinmi àti omi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún na kánópì síbi kan náà kí ó tó hù, kò ní ráyè hù padà. Àtakò kejì ni pé ẹni tó ń sin òbí rẹ̀ ti ní ẹrù tó pọ̀ lọ́rùn, kò yẹ ká tún gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àánú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí owó ìdógò jẹ́ èyí tó ń padà sọ́wọ́ olówó tí pápá bá wà bó ṣe wà, àti pé kí ẹbí tí kò lówó lè mú onígbọ̀wọ́ wá láti inú ẹgbẹ́ tàbí ìjọ rẹ̀. Àtakò kẹta ni pé ilé ẹ̀kọ́ nílò owó tó ń rí lórí pápá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ pápá tó ti di ẹrẹ̀ kò ní wu ẹnikẹ́ni yá, owó náà á sì dúró. Àwọn kan tún ń sọ pé ká kúkú fi interlock bo gbogbo rẹ̀. Owó ńlá ni yóò gbà, omi òjò á ṣàn kúrò lórí rẹ̀ ju bó ṣe ń ṣàn lórí koríko lọ, ooru rẹ̀ á pọ̀ lọ́sàn-án, ọmọ tó bá ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù á sì gbọgbẹ́. Ìgbésẹ̀ tó kéré jù ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn tó bá rú òfin. Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ lẹ́tà yìí sí ẹ̀yin tí ẹ ń yáni ní kánópì pẹ̀lú. Ẹni tó ń ṣe òkú lè máà tún ní nǹkan í ṣe lórí pápá kan náà fún ọdún mẹ́wàá, kò sì ní ìdí láti ronú nípa rẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n oníkánópì yóò padà wá bí ọ̀sẹ̀ bá yí. Àwọn oníkánópì ìlú kan kò pọ̀ jù, a mọ ilé wọn, àwọn náà ló sì mọ ìgbà tí wọ́n rì èèkàn mọ́lẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n fà á tu. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fún wọn ní ìwé àṣẹ, tí ìwé náà sì lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ba pápá jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní sí pé a ń kó ọlọ́pàá kiri. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa sọ fún oníbàárà pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gorí koríko.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó wà nínú àdéhùn náà rèé. Kí wọ́n pín pápá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí wọ́n máa yá ìdá kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù máa sinmi. Kánópì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì lọ lójú kan. Ìsọjí tó bá máa gba ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún gbọ́dọ̀ máa sún láti ìdá kan sí òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méjì méjì. Kí ìdá tí wọ́n lò nígbà òjò sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kí èyí tí wọ́n lò ní ẹ̀ẹ̀rùn sinmi títí òjò á fi dé. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ́ tapólì tàbí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà sórí koríko mọ́jú. Ẹní tí wọ́n hun ni kí wọ́n lò, kí wọ́n sì ká a kúrò nílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí ìdáná àti jẹnẹrétọ̀ wà ní etí pápá níbi tí kò sí koríko, kí ọkọ̀ dúró sí òde. Kí wọ́n ka èèkàn irin nígbà tí wọ́n bá kó o wọlé, kí wọ́n tún kà á nígbà tí wọ́n bá ń kó o lọ. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi fóònù ya àwòrán pápá ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ìjà má bàa sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá owó ìdógò padà. Kí apá kan nínú owó tí wọ́n bá gbà padà sórí pápá náà fún omi, ìmọ́tótó àti gbígbin koríko tuntun. Fásitì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́, tó ti jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kó tó di fásitì lọ́dún 2020, ní àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa wo ilẹ̀ wa, kí wọ́n sọ irú koríko tó bá pápá kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹ̀yin alága, ẹ pe àwọn oníkánópì, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn aṣojú ìjọ àti mọ́sálásí àti àwọn ìyálọ́jà jọ, kí ẹ bá wọn ka àdéhùn yìí, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ̀yin òṣèlú, ẹ jẹ́ kí pápá tí ẹ bá ti ṣèlérí lórí rẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ tún ṣe kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ yá pápá, ẹ béèrè ìdá tó ti sinmi. Kò sí ohun kan nínú èyí tó nílò owó ìrànwọ́ láti Àbújá tàbí àṣẹ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé kan, ìbuwọ́lùwé kan, àti ìpinnu láti tẹ̀ lé e ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí koríko tó kù lè bá a hù.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ọmọ Èkìtì kan